Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó ń yan ohun èlò orí ayélujára fún àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí a bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí, ó sì ti pé ọdún 14 tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé ẹ ti ṣa ohun èlò orí ayélujára 60 jọ fún kíkọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ àtinúdá, ìyẹn yíya àwòrán, kíkun ọ̀dà, fífi amọ̀ mọ nǹkan, orin, ijó àti eré àfarawé, àti pé inú àkójọ náà nìkan ni kí olùkọ́ ti máa mú iṣẹ́ tí yóò gbé fún àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí èsì kankan gbà. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹ̀kẹta wá síta, kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè bá wa gbọ́ ọ.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sí ohun tó fi hàn nínú ìwé yín pé ẹnikẹ́ni gbé èyíkéyìí nínú àwọn ohun èlò náà síwájú ọmọdé kan ṣoṣo kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun mẹ́ta ni ẹ ní ẹ wò: iye ènìyàn tó ń tẹ̀lé ìkànnì náà, bí iṣẹ́ tó ti parí ṣe dùn ún wò tó, àti bóyá ọ̀fẹ́ ni. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó béèrè ohun tí ọmọ náà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

1. N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣojú mi. Iṣẹ́ kejì nínú àkójọ yín ni ẹyẹ onípépà. Ìtọ́ni tó wà lójú ìkànnì náà ni pé kí olùkọ́ tẹ àwòrán jáde, kí ó gé ara, ìyẹ́, ojú àti àgógó ẹyẹ náà sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó kán gọ́ọ̀mù sí ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò wà, kí àwọn ọmọ wá lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ọmọ 18 ló wà ní kíláàsì mi. Mo gé ìyẹ́ 36 ní alẹ́ ọjọ́ kan, àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn ọmọ fi parí gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ 18 tò sára ògiri, gbogbo wọn kọjú sí ọ̀tún, wọ́n sì jọra bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ṣiṣẹ́; àwọn ọmọ kàn bá mi lẹ̀ ẹ́ ni.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó lẹ àgógó ẹyẹ tirẹ̀ mọ́ ìrù. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti na ọwọ́, mo ti ṣí àgógó náà kúrò, mo sì ti gbé e sí ibi tí àwòrán ìkànnì ní kí ó wà. Ọmọ náà wò mí lójú, kò sọ nǹkan kan. Ó dojú pépà náà délẹ̀, ó mú kíréyọ́nù kan tí ẹnìkan gbàgbé sórí tábìlì, ó ya òbìrìkìtì kan tí etí rẹ̀ kò pàdé dáadáa, ó fi àmì méjì sínú rẹ̀, ó wá fa ìlà gígùn méjì láti abẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀. Ó ní, "Ẹyẹ ń rìn lọ sílé."

Ẹni tó bá mọ ọmọdé yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pépà yẹn. Orí tí ẹsẹ̀ jáde lára rẹ̀, láìsí ara láàárín, wà lára àwọn àwòrán tí ọmọdé sábà máa ń kọ́kọ́ yà nígbà tí ó bá kúrò ní ipele fífa ìlà kiri. Viktor Lowenfeld, onímọ̀ nípa kíkọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà, ṣàlàyé àwọn ipele wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1947: fífa ìlà kiri láti nǹkan bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà àwọn àwòrán àkọ́kọ́ tó dúró fún ènìyàn tàbí nǹkan, láti bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje. Rhoda Kellogg, olùwádìí àwòrán ọmọdé, ní tirẹ̀ kó àwòrán ọmọdé tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ, ó sì rí i pé irú ìlà kan náà ló ń tún ara wọn ṣe láti ọwọ́ ọmọ kan dé ọwọ́ ọmọ mìíràn. Ohun tó yẹ kí n kọ sílẹ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ yìí, ẹ̀yìn pépà ló wà. Iwájú pépà, tí àwọn òbí ń ya fọ́tò rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀ àfi pé ó lè tẹ nǹkan mọ́ gọ́ọ̀mù.

2. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú nígbà tí ẹ bá ń yẹ ohun èlò kan wò ni pé: ta ló ń pinnu níbí, ọmọ ni àbí olùkọ́? Bí ọmọ méjì bá ṣe iṣẹ́ náà, ṣé tiwọn lè yàtọ̀ síra, kí méjèèjì sì tọ̀nà? Ṣé ọmọ lè padà sídìí rẹ̀ lọ́la kí ó tún rí ohun tuntun ṣe? Ṣé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe é láìjẹ́ pé àgbàlagbà di ọwọ́ náà mú? Kì í ṣe èmi ni mo dá ìrònú yìí sílẹ̀. Friedrich Froebel, olùkọ́ ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Bad Blankenburg ní Jámánì ní 1837, ó sì fún un ní orúkọ náà, Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé, ní 1840. Búlọ́ọ̀kù igi wà lára ohun tó kó lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, búlọ́ọ̀kù kan náà sì lè di ilé lónìí kí ó di afárá lọ́la. Ní ìlú Reggio Emilia ní Ítálì, níbi tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Loris Malaguzzi ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n fi ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ olùkọ́ láti máa kọ ohun tí ọmọ sọ àti ohun tó ṣe sílẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, sì fi eré ṣíṣe àti kíkópa nínú iṣẹ́ ọnà sára ẹ̀tọ́ ọmọ ní abala 31 rẹ̀. Kíkópa ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ tó ń lẹ ìyẹ́ tí ẹlòmíràn gé, síbi tí ẹlòmíràn fi àmì sí, kò tíì kópa.

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo àkójọ yín ni mo kórìíra, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ fi sí ipò 57. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Olùkọ́ gbé ìṣù amọ̀ kan, àwo omi kan àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú ọmọ, kámẹ́rà sì dúró sórí ọwọ́ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ó rí bó ṣe ń fi ìka kan gún amọ̀ náà, tó ń yọ ìka, tó ń wo ihò náà, tó wá da omi sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò dúró. Kò sí orin, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Àlàyé díẹ̀ wà lábẹ́ fídíò náà: ohun tí ọmọ ṣe, ohun tí olùkọ́ bi í lẹ́yìn náà, àti ohun tí a lè yí padà fún ọmọ tó kéré jù ú lọ tàbí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára tó. Wọn kò fi àwòrán iṣẹ́ tó ti parí hàn rárá. Mo gbé e fún àwọn ọmọ mi, odidi ìṣẹ́jú 50 ni ó fi gbà wọ́n lọ́kàn, àwọn kan nínú wọn sì béèrè fún amọ̀ náà ní ọjọ́ kejì kí wọ́n tó bọ́ àpò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ipò 57 ni ẹ fi í sí nítorí pé àwọn tó wò ó kò pọ̀, ẹyẹ onípépà sì wà ní ipò kejì.

3. Ọ̀rọ̀ ewu ni mo fẹ́ kí ẹ tètè gbọ́, kódà bí ẹ kò bá ka ìyókù lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ mẹ́ta nínú àkójọ yín, tí ẹ kọ "ọmọ ọdún méjì sókè" sí lára, ń lo àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní tí ń wú nínú omi. Bí ọmọ bá gbé irú rẹ̀ mì, ó lè máa wú sí i nínú ìfun rẹ̀ títí yóò fi dí i pa, àwòrán X-ray lásán kì í sì í sábà fi í hàn fún dókítà. Iṣẹ́ mìíràn ní kí a fi iná kékeré tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì sínú ike fún ọmọ láti máa gbé kiri. Bí bátìrì bẹ́ẹ̀ bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, láàárín wákàtí méjì péré ó lè dá egbò ńlá síbẹ̀. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sísàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké, pé kí àgbàlagbà wà nítòsí. Mo wà nítòsí ọmọ 18 lẹ́ẹ̀kan náà, ojú méjì péré ni mo sì ní.

Ìdánwò fún èyí rọrùn. Òfin Amẹ́ríkà lórí ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń lo ìwọ̀n kan tó dà bí agolo kékeré, tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 31.7, ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán pátá, ó kéré jù láti fún ọmọ náà. Bí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ yín bá fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jókòó ti àkójọ yìí fún wákàtí kan péré, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì bá tí wọlé.

4. Ẹ kò wádìí ẹni tó ni ohun èlò náà. Mo ti rí i pé ohun tí ìkànnì sọ nípa ara rẹ̀ ni ẹ dà kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn inú rẹ̀. Ní 2017, Sam Wineburg àti Sarah McGrew ti Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti wo bí àwọn onímọ̀ ìtàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ òtítọ́ ọ̀rọ̀ wò fún ilé ìròyìn ṣe ń ka ìkànnì tí wọn kò mọ̀ rí. Àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sójú ìkànnì náà, wọ́n ń wo ẹwà rẹ̀ àti orúkọ ńlá tó gbé sórí. Àwọn ayẹ̀rọ̀wò kò pẹ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó ni ín, àwọn ni wọ́n sì tètè mọ òtítọ́ jù. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lórí àkójọ yín ní alẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ méje tí orúkọ ìkànnì wọn yàtọ̀ síra ló já sọ́wọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo tó ń ta ọ̀dà àti pépà aláwọ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní irú ọ̀dà kan pàtó tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. N kò sọ pé ẹni tó ń tajà kò lè mọ nǹkan nípa ọmọdé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé ọlọ́jà ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

5. Ohun èlò oríṣi méjì ni ẹ dà pọ̀ mọ́ra: èyí tí olùkọ́ yóò kà kí ó tó wọ kíláàsì, àti èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò jókòó tì lójú ẹ̀rọ. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọ̀kan kọ́ ni a fi ń wọn èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò yẹ kí ó jókòó wo ẹ̀rọ rárá, àti pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bí ó bá sì dín sí i, ó tún dára jù. Bí mo bá fi ìdajì wákàtí sí orí àwọn fídíò ijó inú àkójọ yín láàárọ̀, mo ti jẹ ìdajì ohun tó kù fún ọmọ náà kí ó tó délé. Ó sì yẹ kí ẹ bi ara yín bóyá ijó ni ọmọ ń jó lóòótọ́, àbí ó ń wo ẹni tó ń jó. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ mi dúró gbagidi níwájú fídíò náà títí ó fi parí, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, apá wọn kò gbé. Nígbà tí mo pa á, tí mo fi ọwọ́ lu tábìlì, ni wọ́n tó ṣí ẹsẹ̀.

6. Àwọn ohun èlò kan ń béèrè orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ kò sọ fún wa ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Ní 2019, Google àti YouTube gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí. Ní 2022, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, yẹ ohun èlò ẹ̀kọ́ tó lé ní 160 wò, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè 49 fọwọ́ sí nígbà àrùn kòrónà, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 89 nínú 100 wọn ló ń tọpinpin àwọn ọmọ tàbí ló lè máa tọpinpin wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ìfọwọ́sí ìjọba ni gbogbo wọn ní.

7. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ láti wò lè má jẹ́ ọ̀fẹ́ láti tẹ̀ jáde tàbí láti yí padà; ẹ kọ irú àṣẹ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí olóhun fi ń sọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó ní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó bá ní. Ẹ sọ bóyá fídíò ní ọ̀rọ̀ kíkọ lábẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ràn, àti bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe fún ọmọ tí kò ríran dáadáa.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan: pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, pé ohun tó ti wà ní sẹpẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Òótọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀yin tí a yàn fún un bá wa ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí àwa kò ní àyè rẹ̀. Ìròyìn UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ti 2023 lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́ mẹ́nu ba ìwádìí kan láàárín àwọn olùkọ́ àti alábòójútó ní ìpínlẹ̀ 17 ní Amẹ́ríkà: ìdá 11 péré nínú 100 wọn ló béèrè fún ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gba ohun èlò wọlé. Bí olùkọ́ kò bá béèrè, tí ìgbìmọ̀ náà kò sì béèrè, a jẹ́ pé ara ọmọ ni a ti ń dán an wò.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Kí ẹ yọ àwọn iṣẹ́ oní-ìlẹ̀kẹ̀ àti ti bátìrì kúrò nínú àkójọ náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ ìwé sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ yọ wọ́n àti ìdí rẹ̀; èyí kò lè dúró de ìpàdé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ gbé ìwọ̀n tí ẹ fi ń yan nǹkan jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí. Kí ó má sí ohun èlò tí yóò tún wọlé láìjẹ́ pé a ti gbé e fún àwọn ọmọ ní kíláàsì mẹ́ta ó kéré tán, kí olùkọ́ tó lò ó kọ ohun tó rí, kí a sì fi iṣẹ́ ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí àwa tó kù lè rí i bóyá wọ́n yàtọ̀. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìkànnì tó dára lónìí lè di ti oníṣòwò mìíràn lọ́la. Títí tí ìyẹn yóò fi parí, kí ẹ gbé àṣẹ tó ní inú àkójọ yín nìkan ni kí a ti mú iṣẹ́ kúrò lọ́rùn wa.

Bí ẹ bá nílò kíláàsì tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà, tèmi ṣí sílẹ̀ fún yín, ọ̀gá wa sì ti gbà. Pépà ọmọ tó ya ẹyẹ tó ń rìn lọ sílé ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìyá rẹ̀ sì ti fún mi láyè láti gbé e wá. Ọjọ́ tí ẹ bá pè mí, n ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn 17 tó kù, n ó wá yí i padà kí ẹ rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan